Ìlà etí tí kò yọ: bí ẹ ṣe máa wá ìdí rẹ̀ nínú GIMP

"Ẹ̀gbọ́n, mo ya òbìrìkìtì náà o. Mo rí i kedere, ó ń rìn yíká bí èèrà. Mo wá fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, kò sí níbẹ̀ mọ́."

Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Káàdì ìkómọ ló ń ṣe, ó fẹ́ fi ìlà róbótó yí àwòrán ọmọ tuntun ká. Ó ti lo wákàtí méjì lórí ìlà kan ṣoṣo, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó sì ti ń rò pé bóyá òun ò lè mọ iṣẹ́ yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tó mú un kọsẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo GIMP, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún àwòrán ṣe, ló máa ń kọsẹ̀ lára rẹ̀, torí náà mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè wa, kí ẹlòmíì má bàa jókòó ti ìlà kan títí ilẹ̀ fi máa ṣú.

GIMP ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ torí pé ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà tí kò lágbára púpọ̀ sì lè gbé e. Ọ̀dún 1995 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì California ní Berkeley, Spencer Kimball àti Peter Mattis, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà tèmi ni 3.0, tó jáde lóṣù kẹta ọdún 2025. Tí 2.10 bá ṣì ni ẹ ń lò, ẹ má ṣèyọnu, àwọn ibi tí a máa tẹ̀ níbí wà nínú méjèèjì, àfi ibì kan tí mo máa tọ́ka sí.

Ìlà tó ń rìn yẹn kì í ṣe ìlà

Ẹ wo télọ̀ tó fẹ́ gé aṣọ. Á kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára aṣọ kó tó mú àlùmọ́gàjí. Ìlà ṣọ́ọ̀kì yẹn, atọ́nà ọwọ́ rẹ̀ lásán ni. Tó bá yá, á gbọn ọ́n dànù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìlà wínníwínní tó máa ń rìn lójú kọ̀ǹpútà tí ẹ bá lo Ellipse Select (tó ń yan ibi róbótó) tàbí Rectangle Select (tó ń yan onígun mẹ́rin); èèrà ni mo máa pè é níbí. Ẹ kàn ń fi sọ fún GIMP pé ibi báyìí ni mo fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí ni. Ọ̀dà kankan ò tíì kan àwòrán. Tí ẹ bá fi fáìlì náà ránṣẹ́ báyìí, ìlà ṣọ́ọ̀kì yín kò ní bá a lọ.

Ẹni tó ti mọ Word tàbí Canva á máa wá bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń ya òbìrìkìtì tàbí onígun mẹ́rin ní tààrà. Kò sí i nínú àpótí irinṣẹ́ 2.10 tàbí 3.0. Òótọ́ ni pé Gfig wà lábẹ́ Filters, nínú Render, ó sì lè ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í fi í bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tuntun, torí fèrèsé tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló ń ṣí, ojú èèyàn á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn ni pé kí a yan ibi tí a fẹ́, kí a wá da ọ̀dà sí etí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe é bó ṣe yẹ lẹ́ẹ̀kan

Ẹ má tíì fọwọ́ kan iṣẹ́ yín tó ń dà yín láàmú. Ẹ ṣí òmíràn tó mọ́, kí ẹ fi dán an wò.

1. Ẹ lọ sí File, ẹ tẹ New. Ẹ kọ 1080 sí Width, 1080 sí Height, ní píksẹ́lì, ìyẹn àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán.

2. Ẹ tẹ Shift, Ctrl àti N pọ̀ láti ṣí layer tuntun, ìyẹn ìpele kan tó dà bí ike tó mọ́ gaara tí a tẹ́ lé orí àwòrán. Níbi Fill with, ẹ mú Transparency, kó lè ṣófo. Ẹ sọ layer náà ní "ìlà etí", kí ẹ lè dá a mọ̀.

3. Ẹ tẹ E, Ellipse Select á jáde. Ẹ tẹ máòsì mọ́lẹ̀, ẹ máa fà á, kí ẹ wá di Shift mú kó lè rí róbótó. Tí ẹ bá fẹ́ kó wà láàárín gan-an, ẹ wo Tool Options, àpótí tí ètò irinṣẹ́ tí ẹ mú wà: ẹ kọ 240 àti 240 sí Position, 600 àti 600 sí Size.

4. Ẹ tẹ D. Àwọ̀ iwájú á di dúdú, ti ẹ̀yìn á di funfun. Tí àwọ̀ míì bá wù yín, ẹ tẹ àpótí àwọ̀ iwájú kí ẹ yàn án.

5. Ẹ lọ sí Edit, ẹ tẹ Stroke Selection. Ẹ mú Stroke line, ẹ rí i pé Antialiasing, tó ń mú etí ìlà dán, ti ní àmì, ẹ kọ 10 sí Line width. Ẹ tẹ Stroke.

6. Ẹ tẹ Shift, Ctrl àti A. Èèrà á lọ, òbìrìkìtì dúdú yín á sì dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹfà yẹn ni ẹ̀rí. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lójú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí èèrà ti lọ nìkan ni ẹ ní.

Mo tẹ Stroke, kò sí nǹkan kan tó yọ

Ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ kọ́kọ́ wo àpótí Layers tó wà lápá ọ̀tún, kí ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò bí mo ṣe tò wọ́n, torí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ jù lọ ni mo fi ṣáájú.

Layer wo ló ń tàn? Èyí tó bá ń tàn ni GIMP ń ṣiṣẹ́ lé lórí, kì í ṣe èyí tí ọkàn yín wà. Ó lè jẹ́ pé ìlà ti yọ o, àmọ́ orí layer ìsàlẹ̀ ló yọ sí, tí àwòrán òkè sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ tẹ ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ layer òkè kó fara pamọ́, ẹ ó rí ìlà yín níbi tó sá sí. Ctrl àti Z, ẹ padà sórí layer tó yẹ, ẹ tún un fà.

Àwọ̀ ńkọ́? Stroke Selection, àwọ̀ iwájú ló ń lò. Tí ẹ bá ti ṣèèṣì tẹ X, iwájú àti ẹ̀yìn ti pààrọ̀ ara wọn, ẹ sì ti fa ìlà funfun sórí ìwé funfun. Tí àwọ̀ bá yọ ṣùgbọ́n tó jẹ́ eérú nígbà tí ẹ mú pupa, àwòrán náà wà ní Grayscale. Tó bá mú àwọ̀ kan tó jọ tiyín ṣùgbọ́n tí kì í ṣe òun, bóyá fáìlì GIF lẹ ṣí, Indexed ló wà. Oògùn kan ló wà fún méjèèjì: Image, Mode, RGB.

Ṣé layer náà wà lábẹ́ títì? Alpha ni apá layer tó ń sọ ibi tó ṣófo. Tí Lock alpha channel bá wà lórí layer tí kò tíì sí nǹkan kan nínú rẹ̀, kò sí ọ̀dà tó máa dúró níbẹ̀, torí ohun tí títì yẹn ń sọ ni pé ibi tó bá ṣófo gbọ́dọ̀ ṣófo bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ ọ́.

Tó bá sì jẹ́ pé Stroke Selection fúnra rẹ̀ ló ṣú, tí kò ṣe é tẹ̀, ẹ ò tíì yan ibì kankan nìyẹn, tàbí ẹ ti yàn án tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó tẹ ìta tó fi parẹ́. Òdìkejì rẹ̀ tún wà: èèrà ò hàn, ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì kọ̀ láti kun ibòmíì. Ẹ ti tẹ Ctrl àti T láìmọ̀ nìyẹn, ó fi èèrà pamọ́ láìtú u. Ẹ tún un tẹ̀, èèrà á padà.

Ìlà dúdú ni mo fẹ́, etí àwòrán ló parẹ́

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, torí ibí gan-an ni ọmọ tó wá bá mi yẹn tún bọ́ sí lọ́jọ́ kejì.

Láti gé àwòrán ọmọ ìkókó sí róbótó, ó yan òbìrìkìtì, ó lọ sí Layer, Mask, Add Layer Mask, ó mú Selection. Mask ni ìbòjú tó ń sọ apá layer tó máa hàn àti èyí tó máa pamọ́. Ọ̀nà tó dáa ni, torí kò ba àwòrán jẹ́. Igun àwòrán parẹ́, ojú ọmọ kù róbótó. Ó wá tẹ Stroke Selection lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ dúdú. Dípò kí ìlà dúdú yọ, ṣe ni etí òbìrìkìtì náà jẹ wọlé, tí a ń rí aṣọ aláwọ̀ ewé tó fi ṣe ẹ̀yìn káàdì níbi tó yẹ kí ìlà wà.

Ohun tó fà á rèé. Lẹ́yìn tí ẹ bá fi mask sára layer, àwòrán kékeré méjì ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú àpótí Layers: ti àwòrán fúnra rẹ̀, àti ti mask tó jẹ́ dúdú àti funfun. Mask yẹn ni GIMP dì mú báyìí. Nínú mask, funfun ni "jẹ́ kó hàn", dúdú ni "fi pamọ́". Ẹni tó bá kun dúdú sínú mask, ó ń sọ pé kí ibẹ̀ pamọ́ ni, ibẹ̀ á sì pamọ́ lóòótọ́. Ẹ tẹ àwòrán kékeré àkọ́kọ́, ẹ ti kúrò nínú mask.

Ṣùgbọ́n èmi kì í tilẹ̀ fa ìlà sórí àwòrán fúnra rẹ̀. Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún gbogbo ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni pé kí ìlà etí ní layer tirẹ̀. Tó bá ní ilé tirẹ̀, ọ̀rọ̀ mask ò ní kàn án, ẹ lè yí àwọ̀ rẹ̀ padà lọ́la, ẹ lè pa á rẹ́ kí àwòrán má mọ̀ rárá. Tí oníbàárà bá sì ní kí ẹ yọ ìlà yẹn, ẹ tẹ ojú rẹ̀, ó tán. Bí ẹ bá fi í sára àwòrán, tí ẹ ti fi fáìlì pamọ́, tí ẹ ti pa kọ̀ǹpútà, Ctrl àti Z ò lè gbà yín mọ́.

Ìlà yọ, ṣùgbọ́n apá kan ò sí

Ó máa ń rí bí òṣùpá tí wọ́n gé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ tan View, Show Layer Boundary, kí ẹ wo ìlà wínníwínní tó yí layer ká. Layer kì í fi dandan tóbi tó ìwé. Àwòrán tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn lè jẹ́ 700 píksẹ́lì lórí ìwé 1080, ọ̀dà yín ò sì lè kọjá ààlà 700 yẹn. Ẹ tẹ Layer, Layer to Image Size, ẹ tún ìlà fà. Layer tuntun tó jẹ́ ti ìlà nìkan kì í ní wàhálà yìí, torí bó ṣe ń ṣí, ìwọ̀n ìwé ló ń mú.

Tó bá jẹ́ etí ìwé gan-an ni ìlà ti parẹ́, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Stroke Selection máa ń pín ìlà sí méjì: ìdajì sínú, ìdajì síta. Ìlà 10 lórí òbìrìkìtì 600, 5 wà nínú, 5 wà lóde, gbogbo rẹ̀ wá di 610. Tí ẹ bá yan gbogbo ìwé, tí ẹ fa ìlà 10, 5 tó wà lóde ti bọ́ sílẹ̀, ìdajì lẹ ó rí. Ẹni tó ti lo Photoshop á rántí pé wọ́n máa ń bi í níbẹ̀ bóyá Inside, Center tàbí Outside. Stroke Selection ti GIMP kì í béèrè.

Tí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo ìlà wà nínú, ẹ má lo Stroke rárá. Lórí layer tó ṣófo, ẹ yan òbìrìkìtì pẹ̀lú Position 240 àti 240, Size 600 àti 600. Ẹ tẹ Ctrl àti àmì ìdánudúró tó dà bí ìrù, ìyẹn kọ́mà. Àwọ̀ iwájú á kún inú rẹ̀. Ẹ wá padà sí Tool Options, ẹ sọ Position di 250 àti 250, Size di 580 àti 580. Ẹ tẹ Delete. Òrùka tó nípọn 10 ló kù sílẹ̀, kò sì yọ síta 600 rárá. Tí Delete bá da funfun síbẹ̀ dípò kó lu ihò, layer yín ò ní alpha: ẹ lọ sí Layer, Transparency, Add Alpha Channel.

Etí rẹ̀ rí ṣágiṣàgi, tàbí ó ṣú

Kí ẹ tó bínú, ẹ tẹ 1 lórí kíbọ́ọ̀dù kí àwòrán padà sí ìwọ̀n 100%. Tí ẹ bá fẹ ojú rẹ̀ sí 800%, gbogbo òbìrìkìtì ayé ló máa dà bí àtẹ̀gùn, torí onígun mẹ́rin kéékèèké la fi kọ́ ọ. Tó bá ṣì rí ṣágiṣàgi ní 100%, Antialiasing lẹ gbàgbé. Ẹni tó bá mú Stroke with a paint tool dípò Stroke line, kó rí i pé Paintbrush ló wà níbẹ̀, kì í ṣe Pencil. Pencil kì í mú etí dán láé, iṣẹ́ tirẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ pé ó ṣú bí ẹni pé èéfín bò ó, ẹ wo Feather edges, tó ń mú kí etí ibi tí ẹ yàn ṣú díẹ̀díẹ̀, nínú Tool Options ti Ellipse Select. Ó lè ti wà níbẹ̀ láti iṣẹ́ àná. Onígun mẹ́rin náà ní àìsàn tirẹ̀: ìlà 1 píksẹ́lì tó yẹ kó dúdú á di eérú tó fẹ̀ tó 2. Ẹ rántí pé ìdajì sínú, ìdajì síta. Píksẹ́lì kan ò ṣe é là, torí náà ó kun méjì ní àbọ̀-àbọ̀. Ẹ lo 2 tàbí 4, tàbí kí ẹ pa Antialiasing fún onígun mẹ́rin nìkan.

Tí òbìrìkìtì bá rí bí ẹyin, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le: ẹ di Shift mú lẹ́yìn tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa máòsì. Tí ẹ bá di í mú ṣáájú, GIMP á rò pé ẹ fẹ́ fi kún èyí tí ẹ ti yàn tẹ́lẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìràwọ̀ lẹ yan, tí ẹnu igun rẹ̀ gé kù ńkọ́? Ẹ ṣí Line Style nínú fèrèsé Stroke, kí Join style wà ní Miter, kí ẹ fi kún Miter limit.

Ìlà yíká ọ̀rọ̀ Yorùbá

Èyí ló jẹ mí lógún jù, torí àwọn ìtọ́sọ́nà tí mo fi kọ́ṣẹ́ kì í mẹ́nu kàn án. Ẹni tó kọ wọ́n, lẹ́tà tirẹ̀ ò ní àmì lábẹ́.

Ẹ kọ "Ọmọ tuntun" sórí káàdì. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ layer ọ̀rọ̀ náà, ẹ mú Alpha to Selection, èèrà á yí gbogbo lẹ́tà ká. Ẹ lọ sí Select, Grow, ẹ kọ 3. Ẹ ṣí layer tuntun tó ṣófo, ẹ fà á sísàlẹ̀ layer ọ̀rọ̀, ẹ fi àwọ̀ tó yàtọ̀ kún un. Ìlà etí dé.

Ẹ wá wo abẹ́ Ọ. Àlàfo wà láàárín lẹ́tà àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ tẹ Shift àti M, Measure á jáde, ẹ fi wọn àlàfo yẹn. Ká ní ó jẹ́ 8 píksẹ́lì. Lẹ́tà ń wú sísàlẹ̀, àmì ń wú sókè, àwọn méjèèjì ń sún mọ́ra. Grow 3, àlàfo kù 2. Grow 4, wọ́n ti fara kanra. Tó bá di 10, Ọ àti àmì rẹ̀ ti di odindi kan bí ọ̀pọ̀lọ́ tó jókòó, ẹni tó wà lókèèrè ò sì ní mọ̀ bóyá O ni tàbí Ọ. Orúkọ èèyàn lẹ ń kọ, kì í ṣe ohun eré. Nítorí náà, àlàfo abẹ́ lẹ́tà ni kó sọ bí ìlà ṣe máa nípọn tó: ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ pín in sí méjì, kí ẹ dúró sísàlẹ̀ iye yẹn. Tí ìlà tó nípọn bá ṣì wù yín, ẹ sọ ọ̀rọ̀ di ńlá kí àlàfo náà lè fẹ̀ sí i.

Tí àmì ohùn bá ń fò kúrò lórí lẹ́tà, tàbí tí lẹ́tà tó ní àmì rí tẹ́ẹ́rẹ́ ju àwọn yòókù lọ, ìlà kọ́ ló ṣẹ̀. Fọ́ǹtì yẹn ò ní lẹ́tà wa nínú, GIMP ló lọ yá a lọ́dọ̀ fọ́ǹtì míì. Noto Sans àti Charis SIL ní gbogbo rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Ẹ yí fọ́ǹtì padà kí ẹ tó fa ìlà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ibí yìí ni 3.0 ti yàtọ̀ sí 2.10: nínú Tool Options ti irinṣẹ́ ọ̀rọ̀, ẹ ó rí ibi tí ẹ ti lè yan Outlined. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ ṣì lè tún ọ̀rọ̀ kọ, kí ìlà sì tẹ̀ lé e.

Ó dáa lójú kọ̀ǹpútà, kò hàn lórí ìwé

Mo ti pàdánù owó sí èyí rí. Mo fa ìlà 2 píksẹ́lì yí káàdì ká, ó rẹwà lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí káàdì dé láti ibi ìtẹ̀wé, ìlà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Kì í ṣe ẹjọ́ atẹ̀wé. Ní 300 píksẹ́lì sí íǹṣì kan, 12 píksẹ́lì ló tó mìlímítà kan. 2 tí mo fà kò tó ìdá márùn-ún mìlímítà.

Nínú fèrèsé Stroke, ẹ̀gbẹ́ Line width, ẹ lè yí px padà sí mm. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Image, Print Size, kí ẹ rí i pé 300 ló wà níbẹ̀, torí láti ara iye yẹn ni GIMP ti máa ṣírò mìlímítà yín. Tó bá jẹ́ 72 ló wà níbẹ̀, mìlímítà kan kò ju píksẹ́lì 3 lọ.

Ìlà tó yí gbogbo káàdì ká, ẹ fà á wọlé tó mìlímítà 5 sí etí. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ìwé lọ́pọ̀ máa ń yẹ̀ díẹ̀. Tí ìlà bá wà létí pátápátá, ọ̀tún á nípọn, òsì á tẹ́ẹ́rẹ́, oníbàárà á sì rí i kó tó ka ọ̀rọ̀ kan.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ fi Ctrl àti S pa á mọ́ ní XCF, irú fáìlì ti GIMP fúnra rẹ̀, kí layer ìlà lè wà lọ́tọ̀ títí ọ̀la. Ẹ wá fi File, Export As ṣe PNG fún WhatsApp. JPEG kò mọ ohun tí ń jẹ́ ibi tó ṣófo, á da àwọ̀ sí gbogbo igun tí ẹ ti gé róbótó.